Fíìmù Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tí Bàbá Dì Sínú Áńkáṣíìfù

Fíìmù kan ṣoṣo ni bàbá mi àgbà ní, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kásẹ́ẹ̀tì náà ti ya kó tó dé ọwọ́ wọn. Ọkùnrin kan tó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ló fún wọn, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa ní ìlú Ìṣẹ́, Fíìmù Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, títí a fi dàgbà tí a bí ọmọ tiwa. Nígbà tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì bàjẹ́, wọ́n bá wa gbé e sínú síídì ní Ìkẹ́rẹ́, orúkọ yẹn náà la fi pè é.

Bàbá ti lọ báyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa oko wọn, ipò wọn nínú ìjọ, àti àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ yanjú. N kò lè sọ ọ́ jù wọ́n lọ. Fíìmù yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí nídìí rẹ̀ ni mo ti mọ Bàbá jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fíìmù kábọ́ì ni, ti àwọn òyìnbó onífìlà ńlá tó ń gun ẹṣin, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rín ni. Ìlú kékeré kan wà nínú eruku, pẹ̀lú báńkì kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ilé búrẹ́dì kan. Wọ́n fi ọkùnrin sísanra kan ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, wọn kò mọ̀ pé ẹṣin ń bà á lẹ́rù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wá ń gùn kiri. Olè mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, fẹ́ ja báńkì yẹn lólè, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì dé ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Nígbà kan, ó jẹ ìwé tí wọ́n ya ọ̀nà báńkì sí. Nígbà mìíràn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, olè tó wà nínú ilé kò lè jáde, èyí tó wà níta kò lè wọlé. Nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ olè sú wọn, wọ́n lọ ń bá opó oníbúrẹ́dì po ìyẹ̀fun, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí fíìmù tó dára jù ú lọ dáadáa. Àmọ́ n kò tíì rí òmíràn tí bàbá àgbà, ìyàwó ọmọ rẹ̀, olùṣọ́àgùntàn àti ọmọ ọwọ́ lè jọ jókòó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kò ní máa wúkọ́ tàbí kó máa ṣe bí ẹni tó ń wá bàtà. Nílé wa, bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti ń sún mọ́ra jù nínú tẹlifíṣọ̀n, Bàbá á dìde lọ tọ̀. Wọn kì í dìde nínú Fíìmù Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á ní, "Ẹni tó ṣe fíìmù yìí ní àna."

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni Bàbá máa ń fi fíìmù náà hàn, ní ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n á fi aṣọ ìbora bo àwọn fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìnkùlé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ìjókòó. Ẹni tó bá wá bá wọn fọ́ kòkó lóko lọ́dún yẹn ló lè wọlé. Ìyàwó ilé, ọmọ ilé, aládùúgbò, òfin kan náà ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan kòkó, ìta ni tirẹ̀.

Aládùúgbò wa kan, Bàbá Adé, kì í wá fọ́ kòkó. Bí ọjọ́ fífọ́ kòkó bá ti pé, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá di ọjọ́ kejì Kérésìmesì, á wá dúró sábẹ́ fèrèsé tí aṣọ bò. Kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí àwa tó wà nínú ilé bá ti rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín níta, tirẹ̀ á sì pẹ́ ju tiwa lọ. Ìyá mi ní kí Bàbá jẹ́ kó wọlé, ó ṣe tán àgbàlagbà ni. Bàbá ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀rín tó ń rín yẹn, ó jẹ wá ní àlàyé rẹ̀."

Bàbá kò gbọ́ èébú lédè Òyìnbó, ká má tíì sọ ìjíròrò. Síbẹ̀, àwọn ló ń sọ fún wa ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, wọ́n á máa fi nàka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa tú u sí èdè Ìṣẹ́. Gbogbo èèyàn inú fíìmù náà ló ní ohùn tirẹ̀ lẹ́nu Bàbá. Ohùn àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n fún àwọn olè.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi àgbà. Ọdọọdún ni ìjà yẹn ń wáyé.

"Ṣé kò sí olè ní Ìṣẹ́ ni?" Màmá á bi wọ́n láti orí àga.

"Ó wà. Àmọ́ olè Ìṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí."

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ gbọ́. Èmi tí mo bímọ márùn-ún fún un."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí olè ń wí, ìyàwó mi. Àwọn èèyàn rẹ ló ń sọ̀rọ̀."

Lọ́dún kan Màmá bínú débi pé kò dá sí ìrẹsì Kérésìmesì rárá. Bàbá lọ bá a ní ilé ìdáná. Nígbà tí Bàbá jáde, wọ́n kéde fún gbogbo ilé pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀gá ọlọ́pàá náà ti di ará Ìkẹ́rẹ́. Inú Màmá dùn díẹ̀, ó ní ó kéré tán ẹni gidi kan ti wà níbẹ̀. Bàbá yí sí wa, wọ́n sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ ṣáà rántí pé òun lẹ́ṣin ń bà lẹ́rù."

Màmá ti ṣáájú Bàbá lọ. Ohun tó sọ nípa opó oníbúrẹ́dì ni mo máa ń rántí. Ó ní obìnrin yẹn kò níṣẹ́ ju méjì lọ: kó po ìyẹ̀fun, kó sì lọgun bí olè bá dé. Ó ní àwọn tó ṣe fíìmù yẹn kò mọ opó kankan. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọn kò mọ̀. Ọkùnrin dúdú kan wà níbẹ̀ tó gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tó rẹ́rìn-ín, tó sì lọ. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ náà wà, àwọn tí wọ́n ń fi ìyẹ́ sórí. Wọ́n sáré kọjá lórí òkè lẹ́ẹ̀kan, orin yí padà bí ẹni pé ẹranko ló ń bọ̀, a kò sì rí wọn mọ́.

Nígbà tí mo wà léwe, n kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí Bàbá kì í jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin dúdú yẹn bá ti yọ, wọ́n á ní kí a dákẹ́, "èèyàn wa dé." Wọ́n á wá sọ̀rọ̀ gígùn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á kìlọ̀ fún ọlọ́pàá nípa àwọn olè, wọ́n á bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà á ti gbé ẹrù kalẹ̀, á ti lọ, Bàbá á ṣì máa bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ní ti àwọn tó sáré kọjá lórí òkè, ohun kan náà ni wọ́n máa ń wí lọ́dọọdún, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń wí i: "Ẹ wo àwọn tó ni ilẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n jókòó nínú fíìmù ara wọn."

Ọmọ àbíkẹ́yìn wọn ni Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀, àbúrò bàbá mi, tó ń gbé ní Àkúrẹ́. Tósìn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọmọ yẹn ti gbọ́ èdè Òyìnbó dáadáa láti kékeré. Ibì kan wà nínú fíìmù tí opó náà ti ń wo ọ̀gá ọlọ́pàá láti ojú fèrèsé. Bàbá máa ń ní opó náà sọ pé, "Bí ẹṣin bá ń bà ọ́ lẹ́rù, kò burú. Ọkọ mi tó kú, kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù, ìyẹn náà ló sì pa á." Àwọn obìnrin ilé wa fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀.

Tósìn nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. "Bàbá Àgbà, kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní ṣé kí òun bá a fi bọ́tà sí búrẹ́dì ni."

Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ fẹ́ gbá a létí, Bàbá dá a dúró. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jáni kulẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ohun tó yẹ kó sọ ni mo ń sọ."

Mo ní láti kọ èyí tó tẹ̀ lé e, n ó sì kọ ọ́ ní ṣókí. Lọ́dún kan, nígbà tí kòkó ti pọ́n, mo ń ti oko Bàbá bọ̀ lórí ọ̀kadà, ní ọ̀nà tó lọ sí Ẹmùré. Àwọn oníbọn jáde láti inú igbó. Sọ́ńdè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé mi, fẹ́ yí ọ̀kadà padà. Wọn kò jẹ́ kó yí i tán. Èmi ni wọ́n mú wọ igbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti bí mo ṣe jáde, àwọn tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí, torí pé ọ̀nà yẹn ṣì wà, èèyàn sì ṣì ń gbà á. Èmi délé láàyè. Sọ́ńdè kò délé.

Nígbà tí ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún náà dé, gbogbo ilé ní kí n wá jókòó, wọ́n ní fíìmù á jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Mo rántí pé mo rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo rántí pé àwọn olè ti wọ báńkì, wọ́n na ìbọn, ìbọn dún, fìlà ọ̀gá ọlọ́pàá sì fò lọ sórí òrùlé. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín jù nìyẹn. Ìgbà tí mo mọ ara mi, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ní ilé ìdáná ni mo wà, tí mo ká eékún mọ́ àyà. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ilé. Wọn kò mọ̀ pé mo ti jáde.

Lẹ́yìn náà jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ̀rín sì dá. Bàbá ló pa á. Wọ́n wá sí ilé ìdáná, orúnkún wọn ń dún, wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná. Wọn kò fọwọ́ kàn mí, wọn kò ní kí n jáde. Bí a ṣe ń pe ìbọn ní Ìṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe pè é.

"Àjíkẹ́," wọ́n ní, "ẹni tó ṣe fíìmù yẹn, kò gbọ́ dídún ùbọn rí."

Wọ́n padà sínú ilé. Mo ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ní fíìmù ti parí fún ọdún náà.

"Bàbá, a ò tíì dé ibi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti jókòó," Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ wí.

"Ó ti jókòó."

Wọ́n yọ síídì náà, wọ́n dì í sínú áńkáṣíìfù funfun tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ tí Àjíkẹ́ bá ní kí a gbé e jáde, a ó gbé e jáde. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó fọ́ kòkó ń wá lọ́dọọdún, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi aṣọ bò. Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ kò fara mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ lójú mi pé, "Bàbá, torí ẹnìkan, ṣé gbogbo ilé á wá máa wo ògiri ni?" Bàbá wo ògiri náà yíká. "Ògiri yìí dára," wọ́n ní. "Èmi ni mo mọ ọ́n."

Èmi mọ ohun tó ná wọn. Bàbá kò mutí, wọn kì í re òde. Fíìmù yẹn ni fàájì tí wọ́n ní láyé. Mo ń ránṣọ níwájú ilé nígbà náà, torí pé n kò lè rìn jìnnà sílé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ni Bàbá á gbé àga wá sẹ́bàá ẹ̀rọ mi, wọ́n á máa sọ fíìmù náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ohùn rẹ̀ pátá. Àmọ́ wọ́n yí i padà. Bí àwọn olè bá wọ báńkì, Bàbá á ní wọ́n gbé uṣu dání.

"Iṣu kẹ̀, Bàbá?"

"Uṣu. Wọ́n na uṣu sí akọ̀wé báńkì, wọ́n ní kó gbé owó wá."

"Akọ̀wé wá ń kó owó fún wọn nítorí iṣu?"

"Uṣu náà tóbi."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn, ó sì dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń rín in. Bàbá kò wò mí, wọ́n kàn ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Nínú fíìmù tèmi, uṣu nìkan ni mo gbà kí wọ́n gbé wọlé."

Lọ́dún kan, mo lọ bá wọn ní yàrá ní àárọ̀ ọyẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé fíìmù náà jáde lọ́dún yìí, kò sí ohun tó máa ṣe mí. Ara wọn ti ń rẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rí i. Wọ́n wò mí. Mo ń lọ́ etí ìró mi mọ́ ìka láìmọ̀. Wọ́n gbá ẹ̀gbẹ́ ibùsùn fún mi kí n jókòó. "Ẹnu rẹ ló bèèrè, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ọwọ́ rẹ ò tíì bèèrè."

Wọ́n kú kí ọwọ́ mi tó bèèrè.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Áńkáṣíìfù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tú u.

"Àjíkẹ́, àwọn ọmọ ń bi mí léèrè. Àwọn míì ò rí i rí. Ọ̀la ni gbogbo wa ń padà, ó sì di ìgbà wo ká tó tún jọ wà nínú ulé yìí?" Ó wo ilẹ̀. "Àmọ́ Bàbá ní ìwọ ni. Bí o bá ní rárá, màá dá a padà sínú àpótí, mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Tósìn lè sọ ohun tí wọ́n ń wí fún wọn."

"Tósìn á sọ ọ̀rọ̀ bọ́tà fún wọn ni. Ìwọ nìkan lo mọ ti Bàbá."

Òótọ́ ló sọ. Bí n kò bá ṣe é, ohùn àwọn olè, ọ̀rọ̀ opó, ìkíni ọkùnrin dúdú yẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa bá Bàbá lọ, ohun tó máa kù fún àwọn ọmọ yìí ò ju fíìmù àtijọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára lọ. Mo ní kí wọ́n má fi aṣọ bo fèrèsé. Mo ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá wà.

"Bí o bá fẹ́, a ó yọ ilẹ̀kùn kúrò," ni Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ dáhùn.

Àwòrán náà ti ṣá. Oòrùn tó ń wọlé kò jẹ́ kí a rí ìdajì rẹ̀. Ohùn mi kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e sókè, mo gbé e sókè. Mo sọ ti ọ̀gá ọlọ́pàá. Mo sọ ti opó, àwọn obìnrin mi orí, ẹnìkan nu ojú. Nígbà tí àwọn olè ń bọ̀ lọ́nà báńkì, mo rí i pé kò sí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Èmi ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹ wo iwájú," mo ní. "Àwọn olè ti wọlé."

Wọ́n yíjú padà. Ìbọn yọ. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dìde kí n tó mọ̀, mo di òpó ilẹ̀kùn mú, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níta, obìnrin kan ń ká aṣọ lórí okùn. Ọmọ Tósìn tó kéré jù, tí kò rí fíìmù náà rí, kò mọ nǹkan kan nípa mi. Ó bo ojú rẹ̀, ó ń yọjú láàárín ìka, ó bi mí pé,

"Màmá, ṣé wọ́n á pa á ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi láti gbọ́ ohun tí màá wí. N kò rántí èyí tí Bàbá máa ń wí níbẹ̀, n kò sì wá a.

"Rárá," mo ní. "Nínú fíìmù yìí, wọn kì í pa ẹnikẹ́ni."

Ìbọn dún, fìlà fò. Ọmọ náà ṣí ojú, ó rí fìlà lórí òrùlé, ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo dúró níbi tí mo wà, mo sì bá wọn sọ èyí tó kù láti ẹnu ọ̀nà náà, títí gbogbo ìlú fi jó.

N kò tíì gba ọ̀nà oko yẹn láti ìgbà náà, n kò sì mọ̀ bóyá màá tún gbà á. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré, Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ dá ẹ̀rọ náà dúró, ó na áńkáṣíìfù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó yíjú sí mi bóyá kó dì í padà.

"Ẹ má yọ síídì náà," mo ní. "Àwọn ẹbí wa ní Òmùò ṣì ń bọ̀ wá kí wa nírọ̀lẹ́, wọn ò tíì rí i."